Tí wọ́n bá ní "àwọn òyìnbó ti ṣèwádìí rẹ̀", ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta

   

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń polówó oògùn. Ẹni tó ń ta àgúnmu nínú mọ́tọ̀ ń sọ ọ́, ẹni tó ń gbé hóró oògùn olówó ńlá kiri láti ilé dé ilé ń sọ ọ́, wọ́n sì tún ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù wa láràárọ̀: "Àwọn òyìnbó ti ṣèwádìí rẹ̀, wọ́n ní ó dára." Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè ohunkóhun mọ́. Owó tó yẹ ká fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá la máa kó lé wọn lọ́wọ́.

Àwa nọ́ọ̀sì la máa ń rí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á gbé ìyá àgbàlagbà wá sí wọ́ọ̀dù, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Tí a bá ní kí àwọn ọmọ kó oògùn tí Màmá ń lò wá, wọ́n á gbé àpò náílọ́ọ̀nù kan jáde: fítámì lóríṣiríṣi, òróró ẹja, ohun tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Tí a bá béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á ní ó ti tán láti bí oṣù méjì, pé àwọn rò pé àwọn tuntun yìí ti rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni mo ti rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká mú ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó, ká wo ohun tí ìwádìí wọn sọ gan-an. Ẹ ó rí i pé ìwádìí gidi kì í sọ "ó ṣiṣẹ́" nìkan. Ó máa ń sọ "kò ṣiṣẹ́" pẹ̀lú. Èyí tó sọ pé kò ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ni àwọn ọlọ́jà kì í jẹ́ ká gbọ́.

ILÉ Ẹ̀KỌ́ TÍ À Ń WÍ

Yunifásítì Oxford ni, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti nǹkan bí ọdún 1096 ni wọ́n ti ń kọ́ni nílùú náà, ó ti lé ní 900 ọdún. Kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Òfin wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ìṣirò, kẹ́mísìrì àti èdè, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àǹfààní èyí pọ̀ fún aláìsàn. Dókítà á lọ bá onímọ̀ ìṣirò pé kó bá òun ka àwọn tó yè àti àwọn tó kú, onímọ̀ kẹ́mísìrì á sì bá ẹni tó mọ nípa ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn.

EKU MẸ́JỌ ÀTI ỌLỌ́PÀÁ KAN

Gbogbo wa la mọ abẹ́rẹ́ penicillin. Dókítà Alexander Fleming ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ nílùú London ní ọdún 1928, lára ohun kan tó dà bí èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu. Ṣùgbọ́n kò rí i yọ jáde kó di oògùn. Àwọn ará Oxford ló ṣe ìyẹn, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó lé: Howard Florey, Ernst Chain àti Norman Heatley.

Ní ọjọ́ 25, oṣù karùn-ún, ọdún 1940, wọ́n fún eku mẹ́jọ ní kòkòrò àrùn kan náà tó lè pa wọ́n. Wọ́n fún mẹ́rin ní penicillin, wọn ò fún mẹ́rin yòókù ní nǹkan kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mẹ́rin tí kò gba oògùn ti kú. Mẹ́rin tó gbà á ṣì wà láàyè.

Ẹ wò ó dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ òní wà. Kí ló dé tí wọn ò fún gbogbo eku mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lóògùn? Ìdí ni pé ká ní gbogbo wọn ló gbà á tí gbogbo wọn sì yè, ẹnikẹ́ni lè sọ pé wọn ì bá yè náà láìlo oògùn. Àwọn mẹ́rin tí kò gbà á ló fi hàn pé oògùn ló ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹni tó ń polówó nínú mọ́tọ̀ kì í ní nìyí. Yóò sọ fún yín pé Alájà lo oògùn òun, ara rẹ̀ sì yá. Kò ní sọ iye àwọn tí kò lò ó tí ara àwọn náà yá.

Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn, kò sí ohun èlò. Póò tí a máa ń gbé fún aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì wà lára ohun tí Heatley kó jọ láti fi gbin penicillin! Ní oṣù kejì ọdún 1941, wọ́n fún ọlọ́pàá kan, Albert Alexander, tí àrùn ti gba gbogbo ojú àti orí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ṣùgbọ́n oògùn kò tó. Wọ́n ń yọ ọ́ padà láti inú ìtọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè tún fún un, síbẹ̀ ó tán. Àrùn náà padà dé, ọkùnrin náà sì kú ní oṣù kẹta ọdún náà.

Ní ọdún 1945, Fleming, Florey àti Chain gba ẹ̀bùn Nobel. Nínú ọ̀rọ̀ tí Fleming sọ níbi ẹ̀bùn náà, ó kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó yóò máa kọ́ kòkòrò àrùn bí yóò ṣe lè fara da oògùn. Ìkìlọ̀ náà ti ṣẹ. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí Oxford kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan jáde pé ní ọdún 2019 nìkan, nǹkan bí èèyàn 1,270,000 ló kú lágbàáyé nítorí kòkòrò àrùn tí oògùn kò ràn mọ́. Apá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, níbi tí àwa wà yìí, ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, hóró méjì méjì tí à ń rà ní kẹ́míìsì nítorí ọ̀fìnkìn ọmọ, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Oògùn apakòkòrò kì í wo ọ̀fìnkìn lásán. Èyí tó ṣẹ́ kù lára ti Bọ̀dá, ẹ má fún àbúrò rẹ̀. Tí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ lò ó ní iye ìgbà àti iye ọjọ́ tó sọ.

OBÌNRIN 40 ÀTI OBÌNRIN 96

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí eku, ká bọ́ sórí aláboyún. Gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ló mọ gìrì aláboyún. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin á ru nínú oyún, orí á máa fọ́ ọ, ojú á máa ṣú u, lójijì gìrì á gbé e. Ó lè pa ìyá, ó lè pa ọmọ. Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọ̀tá ni.

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ magnesium sulphate, kò wọ́n rárá, ó sì ti wà tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kò fohùn ṣọ̀kan bóyá ó yẹ láti fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru kí gìrì tó dé. Àwọn ará Oxford wá ṣètò ìwádìí kan tó kárí orílẹ̀-èdè 33, ilẹ̀ Áfíríkà wà lára wọn. Obìnrin 10,141 ló kópa. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí dókítà má baà fi ojúsàájú yan ẹni tí yóò gba èwo. Àwọn kan gba magnesium sulphate, àwọn kan gba omi abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Èsì jáde ní ọdún 2002. Nínú àwọn tó gba oògùn, obìnrin 40 ni gìrì gbé. Nínú àwọn tí kò gbà á, obìnrin 96 ni. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti dópin. Oògùn náà ni à ń lò káàkiri ayé báyìí.

Ṣùgbọ́n kí ni ìwádìí máa ṣe fún obìnrin tí kò wá sílé ìwòsàn? Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ọwọ́ yín ni èyí wà. Tí orí bá ń fọ́ aláboyún gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí òkè ikùn ń dùn ún, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú lójijì, ẹ má ṣe ní kó lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Tí gìrì bá gbé e, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má bu nǹkan fún un mu. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kẹ́ ẹ sì wá mọ́tọ̀ kíákíá.

ÈYÍ TÍ WỌ́N NÍ KÒ ṢIṢẸ́

Ní ọdún 2002 kan náà, Oxford gbé èsì ìwádìí mìíràn jáde. Èèyàn 20,536 tí àìsàn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti fi sínú ewu ló kópa nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Wọ́n fi simvastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, dán wọn wò. Lọ́tọ̀, wọ́n tún fi fítámì E, fítámì C àti ọmọ ìyá fítámì A dán àwọn èèyàn kan náà wò. Simvastatin dín àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Fítámì ńkọ́? Kò pa wọ́n lára, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo ọkàn, kò dènà rọpárọsẹ̀, kò dènà jẹjẹrẹ. Ìwádìí kan náà, èèyàn kan náà, ọ̀kan ṣiṣẹ́, ìkejì kò ṣiṣẹ́.

Òróró ẹja náà ńkọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní omega-3? Ní ọdún 2018, Oxford gbé èsì ìwádìí jáde lórí èèyàn 15,480 tó ní ìtọ̀ ṣúgà ṣùgbọ́n tí àìsàn ọkàn kò tíì bá jà. Wọ́n fún àwọn kan ní hóró òróró ẹja, wọ́n fún àwọn kan ní hóró òróró ólífì, fún ọdún méje ó lé. Kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ máa jẹ ẹja nínú ọbẹ̀ yín o, oúnjẹ gidi ni. Hóró olówó ńlá yẹn ni mo ń sọ.

Nínú ìwádìí yẹn kan náà, wọ́n tún yẹ Aspirin wò. Nínú èèyàn 1,000 tó ń lò ó, àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tó le kọ lu bí 85. Nínú 1,000 tí kò lò ó, ó kọ lu bí 96. Ẹ máa wí pé ó dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú 1,000 tó ń lò ó, ẹ̀jẹ̀ dà lára bí 41 lọ́nà tó léwu. Nínú àwọn yòókù, bí 32 ni. Ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ òsì gbà á tán. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ má ṣe máa dá lo Aspirin lójoojúmọ́ nítorí pé aládùúgbò ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ti bá jà rí, tí dókítà sì ní kó máa lò ó, tirẹ̀ yàtọ̀. Kó má dá a dúró láìbá dókítà sọ̀rọ̀.

Ẹ tún rántí ìgbà kòrónà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ariwo ta pé chloroquine ń wò ó. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn aláṣẹ ètò ìlera kéde pé àwọn kan ti dèrò ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n lo chloroquine àlòjù. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún náà, Oxford mú èsì jáde lórí hydroxychloroquine, tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Nínú 100 aláìsàn tó gbà á nílé ìwòsàn, bí 27 kú. Nínú 100 tí kò gbà á, bí 25 kú. Kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nínú oṣù kẹfà yẹn kan náà, wọ́n rí i pé dexamethasone, oògùn àtijọ́ tí kò wọ́n, ń gba ẹ̀mí àwọn tó nílò ẹ̀rọ láti fi mí là, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tí ì bá kú. Àwọn tí kò nílò atẹ́gùn ẹ̀rọ rárá kò rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé oògùn kan náà lè dára fún ẹnì kan kó má dára fún ẹlòmíràn? Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń rà á láti fi sanra, ẹ ṣọ́ra. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wá, ó sì ń sọ egungun di aláìlágbára.

ẸNI 91 ỌDÚN TÓ Ń KA IYE ÀWỌN TÓ KÚ

Èyí wà fún Bàbá tó ní òun ti dàgbà jù láti fi sìgá sílẹ̀. Ní ọdún 1951, Richard Doll àti Austin Bradford Hill bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn dókítà ọkùnrin 34,439 lẹ́yìn ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, wọ́n ń kọ ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tí kì í mu ún sílẹ̀. London ni Doll wà nígbà náà. Nígbà tó dé Oxford ní ọdún 1969, ó gbé iṣẹ́ náà dání. Èsì àádọ́ta ọdún jáde ní 2004, nígbà tí Doll fúnra rẹ̀ ti di ẹni ọdún 91. Ó fi hàn pé àwọn tó ń mu sìgá ń kú ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú àwọn tí kì í mu ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáwọ́ ní ẹni 60 ọdún lè rí bí ọdún mẹ́ta gbà padà, ẹni tó jáwọ́ ní 50 lè rí bí mẹ́fà, ẹni tó jáwọ́ ní 40 lè rí bí mẹ́sàn-án. Bàbá, ọdún mẹ́ta tó láti rí ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ.

ABẸ́RẸ́ IBÀ FÚN ÀWỌN ỌMỌ

Èyí tó kàn wá jù ni àjẹsára ibà tó ń jẹ́ R21, tí Oxford ṣe. Wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ kéékèèké tó lé ní 4,800 ní Burkina Faso, Mali, Kenya àti Tanzania, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ṣe iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ tí wọn kò fún ní R21, àjẹsára dìgbòlugi ni wọ́n fún, kí àwọn náà má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Láàárín ọdún kan, ó dín ibà kù ní ìdá 75 nínú 100 láwọn ibi tí ibà ti ń wá ní àsìkò òjò, ó sì dín in kù ní ìdá 68 láwọn ibi tó ti máa ń wà yípo ọdún.

Ní ọdún 2023, NAFDAC fọwọ́ sí i, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì dámọ̀ràn rẹ̀. Ní ọdún 2024, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ọmọ máa gbà á, láti bí oṣù márùn-ún. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò yín bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri nínú báàgì. Ẹ sì kíyè sí i pé 75 kì í ṣe 100. Ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Tí ara rẹ̀ bá sì gbóná, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Ní báyìí, tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn yín pé òyìnbó ti ṣèwádìí oògùn òun, ẹ fún un lága, ẹ fún un lómi, kẹ́ ẹ wá bi í ní nǹkan mẹ́ta yìí.

Èkíní: Ta ló ṣèwádìí náà, níbo, lọ́dún wo? Ẹni tó ṣe iṣẹ́ gidi kì í fi orúkọ pamọ́.

Èkejì: Èèyàn mélòó ló lò ó, àwọn wo ni wọ́n sì fi wé wọn tí kò lò ó? Ẹ rántí eku mẹ́rin tí kò gba oògùn. Tí kò bá sí irú wọn, ẹ̀rí ẹnu lásán ni.

Ẹ̀kẹta: Ewu wo ló wà nínú rẹ̀, ṣé irú èmi yìí ni wọ́n sì dán an wò lára? Ẹni tó bá ní kò sí ewu kankan nínú oògùn òun, tó ní ó ń wo ogójì àìsàn, ẹ sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, kẹ́ ẹ mú un lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yín kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ má tìtorí ìléri rẹ̀ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ èèyàn dán wò.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn, pàápàá ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé.